Abẹ tí mo fi ha igbó kúrò

Ẹni tó bá ya àwòrán ilẹ̀ rí, láyé ìgbà tí kọ̀ǹpútà ò tíì wọ ọ́fíìsì wa, á mọ iṣẹ́ tí abẹ ń ṣe lórí tábìlì. Bébà tí à ń lò nígbà náà, èyí tó mọ́ gaara tẹ́ ẹ lè rí ọwọ́ yín ní òdìkejì rẹ̀, kò gbọ́ ti rọ́bà. Yíǹkì dúdú la fi ń kọ ọ́, yíǹkì náà a sì wọ̀ ọ́ lára bí aró ṣe ń wọ aṣọ. Tẹ́ ẹ bá ṣe àṣìṣe, ẹ ó yọ abẹ tuntun nínú páálí, ẹ ó máa fi ẹnu rẹ̀ ha yíǹkì náà jẹ́jẹ́ bí ẹni ń fá irun ìkókó, títí ojú bébà á fi padà mọ́. Lẹ́yìn náà ẹ ó fi èékánná àtàǹpàkò dán an, torí tẹ́ ò bá dán an, yíǹkì tẹ́ ẹ bá tún kọ lé e á ṣàn ká. Mo mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Àwọn sọ̀fíọ̀ mìíràn máa ń wá yá mi lọ́wọ́ ọ̀gá mi, wọ́n ní tí mo bá ha nǹkan kúrò, ẹni tó kọ ọ́ gan-an ò ní mọ ibi tó wà.

Ní 1998, mo fi abẹ ha igbó kan kúrò nílùú Òṣogbo.

Kì í ṣe igbó ńlá. Mọ̀lẹ́bí kan ló gbé ilẹ̀ wá, oko bàbá wọn tí ìgboro ti yí ká. Mi ò ní dárúkọ àdúgbò náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ ibi tí mò ń gbé, ó tó. Ọ̀gá mi wọn ilẹ̀ náà, èmi ya á. Ọ̀gá mi yìí, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere, kì í fi iṣẹ́ ṣeré. Odò kékeré kan gba ẹsẹ̀ ilẹ̀ náà kọjá, ó ń lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń ṣàn sínú Ọ̀ṣun. Ọ̀gá fa ìlà mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́bàá rẹ̀, ó ní kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé kọjá ibẹ̀. Lókè ìlà yẹn ló tún fi àyè kan sílẹ̀, ọgọ́ta mítà ní gígùn, ogójì mítà ní ìbú, torí pé ẹsẹ̀ wa ń rì níbẹ̀ nígbà tí à ń wọ̀n ọ́n, igi odán arúgbó kan sì dúró sí ìkángun rẹ̀. Èmi ni mo fi lẹ́tà ńláńlá kọ ọ́ sí i lédè Gẹ̀ẹ́sì, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́: OPEN SPACE. Àyè gbangba. Mo fi àmì róbótó kan sí ibi tí igi wà.

A tẹ ẹ̀dà mẹ́fà, àwọn ẹ̀dà aláwọ̀ búlúù tí òórùn wọn máa ń ta èèyàn nímú bí ìtọ̀ ẹran. Mọ̀lẹ́bí kó wọn lọ sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ètò ìlú, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i. Òfin ti wà nílẹ̀ láti 1992, èyí tí gbogbo wa nínú iṣẹ́ ń pè ní Decree 88. Ìjọba ológun ló gbé e jáde. Ó ní èèyàn gbọ́dọ̀ gba àṣẹ kó tó fi ilẹ̀ ṣe nǹkan. Bó ṣe yẹ kó rí ló rí, fún oṣù mẹ́ta.

Olórí ẹbí padà wá pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ méjì. Ó gbé ìka lé ibi tó ṣófo nínú àwòrán. Ó ní, "Sọ̀fíọ̀, ibí yìí ńkọ́? Púlọ́ọ̀tì márùn-ún ni mo rí níbí." Ìṣirò rẹ̀ pé, ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ ní àádọ́ta ni púlọ́ọ̀tì kan, márùn-ún ni, ó tiẹ̀ ṣẹ́kù díẹ̀. Ọ̀gá mi ní ilẹ̀ olómi ni, pé ibẹ̀ ni àdúgbò á ti máa mí, pé ìjọba ti fọwọ́ sí i. Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àwọn tó ń bọ̀ wá ra ilẹ̀ ò ní lọ sí ọ́fíìsì lọ wo fáìlì. Èyí tẹ́ ẹ bá tẹ̀ fún wa ni wọ́n máa wò." Owó iṣẹ́ tí wọ́n jẹ ọ̀gá mi ṣì ju ìdajì lọ. Ó kọjú sí fèrèsé, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó wá ní, "Ìwọ, bá wọn tún un ṣe." Ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ó jáde. Kò fẹ́ fojú rí i.

Lẹ́tà mẹ́sàn-án ni. Mo ha wọn láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú. Mo ha àmì róbótó náà. Mo fi rúlà fa ìlà mẹ́rin, àyè kan di púlọ́ọ̀tì márùn-ún, mo fún wọn ní nọ́ńbà. Ẹ̀bà tí mo dé sílẹ̀ ṣì gbóná nígbà tí mo padà sídìí rẹ̀.

Ohun tó sọ ọ̀rọ̀ náà di ẹ̀sín ni pé ibẹ̀ ni mò ń gbé báyìí. Àwọn ẹbí náà ló ní kí n wá mú púlọ́ọ̀tì kan lówó pọ́ọ́kú, pé mo ṣe wọ́n lóore. Mo mú un. Mo fi ọdún mẹ́jọ kọ́ ọ, bí irú wa ṣe ń kọ́lé: ìpìlẹ̀ lọ́dún yìí, búlọ́ọ̀kù lọ́dún tó ń bọ̀, páànù nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi rántí mi láti Èkó. Nígbà tí a kó wọlé ní 2007, ojú ilé mi kọ sí púlọ́ọ̀tì márùn-ún yẹn gan-an. Ọkùnrin kan tó ń gbé Jámánì ló ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ri bíkìn tó ń sàmì ààlà rẹ̀, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó lé ní ogún ọdún tí kò fọwọ́ kan ibẹ̀. Àìrówó rẹ̀ ló dá igbó náà sí. Mi ò mọ̀ bóyá ó dáa kí n kọ ọ́ báyìí, ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

Fàràǹdá ilé mi ni mo ti wá mọ ohun tí mo ha kúrò. Lórí bébà, àmì róbótó ni odán yẹn. Lójú ayé, èèyàn mẹ́ta ò lè fapá gbá a mọ́ra. Ẹ̀gà ló ni òkè rẹ̀. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, akọ ẹ̀gà á bẹ̀rẹ̀ sí í ya ewé ọ̀pẹ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, títí àwọn ọ̀pẹ ibẹ̀ á fi ku egungun. Á fi ẹnu hun ilé, á so ó rọ̀ sẹ́ka, á wá fi orí kodò rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé náà, á máa gbọn ìyẹ́ pìrìpìrì, á máa ké sí obìnrin pé kó wá wò ó. Obìnrin á wá, á wọlé, á yẹ inú rẹ̀ wò. Tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á fò lọ. Ọkùnrin á sì tú ilé náà ká, fọ́nrán kan lẹ́yìn òmíràn, á tún bẹ̀rẹ̀. Mo ti jókòó ní fàràǹdá wo èyí títí tí mo fi ń bá wọn kẹ́dùn. Èmi tí mo fi ọdún mẹ́jọ kọ́lé mọ ohun tójú wọn ń rí.

Tí èso odán bá pọ́n, àdán á dé nírọ̀lẹ́. Ìyàwó mi kórìíra wọn, ó ní wọ́n ń yàgbẹ́ sára aṣọ tí òun sá. Àwọn ará àdúgbò ní àjẹ́ ni wọ́n. Àdán dorí kodò, ó ń wòṣe ẹyẹ, bí èmi náà ṣe mọ̀ ọ́n mọ nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní báyọ́lọ́jì ló là mí lójú. Ó ní àdán yìí, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ dà bíi koríko gbígbẹ, òun ló ń jẹ èso ìrókò tó sì ń gbé kóró rẹ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn kó tó yà á dànù. Ìrókò tí à ń bẹ̀rù, tí à ń wárí fún, àdán ló ń gbin ọ̀pọ̀ nínú wọn! Mo wá rántí pé ìrókò kékeré méjì hù lẹ́yìn ilé alága ẹgbẹ́ onílé wa láìsí ẹni tó gbìn wọ́n. Alága gé ọ̀kan. Ó ní ìrókò kì í gbé ìtòsí ilé.

Nísàlẹ̀, níbi tí omi ti ń sun, ewé eéran ló kún ibẹ̀, òun àti gbòdògì àti tẹ́tẹ́rẹ́gún. Ìyá kan ládùúgbò wa tó ń ta mọ́ínmọ́ín eléwé ò ra ewé rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ìdájí ni yóò wọ bàtà òjò, yóò mú ọ̀bẹ, yóò gé èyí tó tó o, yóò fi gbòǹgbò sílẹ̀. Kì í gé ojú kan náà lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kan. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Awọ́nrínwọ́n kan tún wà tó gùn tó apá àgbàlagbà, orí bíkìn ọkùnrin Jámánì ló ti máa ń yáàrùn. Ó máa ń ṣe mí bíi kí n sọ fún un pé bíkìn tó sùn lé lórí, irọ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, igún máa ń tò sórí òrùlé ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù bí àwọn àgbà ìjọ. Àbíkẹ́yìn mi ti lé lógún ọdún, kò fojú kan igún rí nílùú yìí, àfi orí rẹ̀ tó gbẹ lórí àtẹ lékuléja. A kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Èèwọ̀ ṣì wà lẹ́nu wa, igún ò sí lórí òrùlé mọ́. Láti 2015 ni IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìdáàbòbò ẹ̀dá, ti kọ igún tiwa yìí mọ́ àwọn ẹyẹ tó kù díẹ̀ kí wọ́n parẹ́ pátápátá; májèlé wà lára ohun tó ń pa wọ́n, àwa tí à ń fi wọ́n ṣe oògùn náà sì wà níbẹ̀. Torí náà tí ẹnìkan bá ń sọ fún mi pé èèwọ̀ nìkan ti tó láti dá igbó sí, mo máa ń wo òkè òrùlé.

Oṣù kejì 2023, ní àárọ̀ Sátidé kan, katapílà dé. Ọkùnrin Jámánì ti rówó. Láàárín wákàtí kan, ọ̀pẹ mẹ́rin ti wà nílẹ̀, gbogbo ewé eéran apá òkè ti bá ẹrẹ̀ lọ. Ó wá kọjú sí odán. Kó tó dé ìdí rẹ̀ ni ilẹ̀ gbé e. Ṣéènì ẹsẹ̀ rẹ̀ rì, dírẹ́bà tẹná, ó túbọ̀ rì. Ilẹ̀ tó gba bàtà lẹ́sẹ̀ ọ̀gá mi ní 1998 náà ló mú katapílà. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi wà níbẹ̀ kí wọ́n tó rí ohun tó lè fà á yọ.

Alága ní kí gbogbo onílé pé jọ lọ́jọ́ kejì. Mi ò sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ohun tí mò ń rò ni orúkọ ìlú wa.

Gbogbo ọmọ Òròkí ló gbọ́ ọ dàgbà. Láróòyè àti Tìmẹ́hìn ọdẹ kó àwọn èèyàn wọn dé etí odò, wọ́n ń wá ibi tí omi ò ti ní wọ́n wọn. Wọ́n gé igi kan, igi wó sínú odò, ohùn kan sì ké nísàlẹ̀ omi: ẹ̀yin oṣó igbó, ẹ ti fọ́ gbogbo ìkòkò aró mi! Oṣó igbó ló di Òṣogbo. Orúkọ tí à ń fi yangàn yìí, ẹjọ́ igi gígé ni. Ọ̀ṣun ò sì lé wọn lọ o. Ó ní kí wọ́n sún kúrò létí omi, kí wọ́n gòkè lọ tẹ̀dó, kí wọ́n fi igbó etí odò sílẹ̀ fún òun. Èmi tí mo ti fa ìlà sí etí odò láìmọye ìgbà, mo mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ìlà mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ọ̀gá mi ni. Òrìṣà ló kọ́kọ́ fà á.

Igbó yẹn ṣì wà. Hẹ́kítà 75 ni, hẹ́kítà 47 mìíràn sì yí i ká gẹ́gẹ́ bí odi tí kò gbọdọ̀ sẹ́ni tó ṣe bó ṣe wù ú níbẹ̀. Ìjọba sọ ọ́ di ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè ní 1965, wọ́n fẹ̀ ẹ́ sí i ní 1992, UNESCO kọ ọ́ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005. Oríṣi ewéko inú rẹ̀ tó 400, èyí tó lé ní 200 nínú wọn la sì ń fi ṣe oògùn. Ọ̀bọ ṣì ń sọdá títì ibẹ̀. Mo dùbúlẹ̀, mo ń ṣírò. Ó lé ní 1,600 púlọ́ọ̀tì. Ó dùn mí pé ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn nìyẹn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo fi ọgbọ̀n ọdún ṣe ni.

Kí ló dé tí wọn ò tíì gé 1,600 náà? Ẹ ó ní Ọ̀ṣun ni. Ṣùgbọ́n ní bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn, Ọ̀ṣun wà níbẹ̀, èèwọ̀ wà níbẹ̀, wọ́n sì ń gégi, wọ́n ń dọdẹ, wọ́n ń pẹja nínú igbó náà, ojúbọ ń wó. Susanne Wenger, ọmọ Austria tó dé Nàìjíríà ní 1950, ẹni tí a wá mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, jókòó ti igbó náà ni. Òun àti àwọn abọrẹ̀, òun àti àwọn ọmọ ìlú yìí, Adébísí Àkànjí, Bùràímọ̀ Gbàdàmọ́sí, Kàsálí Àkàngbé agbẹ́gilére. Wọ́n fi amọ̀ àti sìmẹ́ǹtì tún ojúbọ kọ́, wọ́n mọ ère gàgàrà àti ògiri sí i, débi pé kò sẹ́ni tó lè wọbẹ̀ kó sọ pé òun rò pé ilẹ̀ tí kò ní ẹni tó ni ín ni. Ibí ló gbé títí tó fi kú ní oṣù kìíní 2009, lẹ́ni ọdún 93. Ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé wọ́n ní alágídí kan tó wà níbẹ̀ lójoojúmọ́. Igbó tèmi ò ní. Èmi tó yẹ kó jẹ́ alágídí rẹ̀, èmi ni mo di abẹ mú.

(Igbó ńlá náà ò kúkú tíì bọ́. Omi Ọ̀ṣun tó gba inú rẹ̀ ti pọ́n rúsúrúsú, àwọn tó ń wa góòlù lókè odò ló fà á. Nígbà ọdún Ọ̀ṣun 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ pé kí àwọn èèyàn má mu omi náà. Ògiri ò lè dá ohun tí omi bá gbé wá dúró. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.)

A pàdé lábẹ́ odán náà, torí ibẹ̀ ló nìbòòji. Alága ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ní kí katapílà yára jáde kó parí iṣẹ́ rẹ̀, pé inú igbó yẹn ni àwọn tó ń fa igbó ń sá sí. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, òun ò rẹ́rìn-ín. Ìyàwó pásítọ̀ ní òun ti pa ejò mẹ́ta nínú kíṣìnnì òun. Mi ò lè bá a jiyàn, mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n pa ọ̀kan. Ìyá eléwé dìde, ó ní, "Ẹ̀yin ará ilé mi, níbo ni kí n ti wá ewé?" Ẹnìkan ní kó lọ ra láílọ́ọ̀nù. Ó jókòó.

Mo dìde. Mo ti mú ẹ̀dà kan wá láti ilé, ọ̀kan nínú mẹ́fà tó ń rùn bí ìtọ̀ ẹran yẹn. Ọ̀gá mi ló kó o fún mi pẹ̀lú ìdì bébà kan nígbà tó ti ọ́fíìsì rẹ̀ pa. Búlúù rẹ̀ ti ṣì, ó ti di àwọ̀ tíì tí wàrà ò sí nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́tà mẹ́sàn-án náà ṣì hàn ketekete, àti òǹtẹ̀ ìjọba, àti àmì róbótó. Mo tẹ́ ẹ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò alága. Mo ní ibi tí a dúró sí yìí, àyè gbogbo wa ni. Alága wọ awò rẹ̀. Ó ní, "Ta ló wá sọ ọ́ di púlọ́ọ̀tì?"

Mo ní, "Èmi ni."

Ẹ̀gà nìkan ló ń pariwo. Ọmọkùnrin kan tó ń gun ọ̀kadà, tó rẹ́ǹtì yàrá kan nílé tó tẹ̀ lé tèmi, ló kọ́kọ́ lahùn. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ má bínú o. Ẹ̀yin lẹ pa á, ẹ̀yin lẹ tún ń pe wá síbi òkú." Àwọn àgbà bá a wí. Kò sí ìdí tó fi yẹ kí wọ́n bá a wí. Alága bi mí pé ó tó ọdún mélòó tí mo ti mọ̀. Mo ní mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ó ká ẹ̀dà náà jẹ́jẹ́, ó dá a padà fún mi, ó ní ká máa lọ sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ Ajé. Ọkùnrin tó gé ìrókò nìyẹn o. Èèyàn ṣòro mọ̀.

Ìgbà mẹ́ta la lọ kí fáìlì tó jáde. Akọ̀wé kan tó kéré sí àbíkẹ́yìn mi ló wá a rí, nísàlẹ̀ pátápátá, eku ti jẹ etí rẹ̀. Bí tèmi ṣe rí ni tiwọn rí, àyè gbangba wà níbẹ̀ gbọnranyin. Abẹ mi ò dé ọ̀dọ̀ wọn. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, òótọ́ wà nínú páálí kan, nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ta sílé mi, owó ọ̀kadà ló gbà láti lọ wò ó. Wọ́n wá fi ọ̀dà pupa kọ "STOP WORK" gàdàgbà sára òkìtì búlọ́ọ̀kù tí àwọn òṣìṣẹ́ ti kó jọ.

Ọkùnrin Jámánì pè mí lórí WhatsApp ní alẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo ti ń retí èébú, mo sì gba díẹ̀. Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ wá sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ alẹ́ ni mo fi ra ilẹ̀ yẹn. Nínú òtútù. Mo ní káwọn ọmọ mi rí ibi tí wọ́n á máa pè ní ilé bàbá wọn. Ìwé mi pé, mo fún lọ́yà wò ó kí n tó sanwó. Ta ló ya ìwé tí wọ́n tà fún mi?" Mo ronú láti dákẹ́. Mo sọ fún un. Ó pẹ́ kó tó fèsì, mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já. Ó wá ní, "Ẹ mọ̀ ọ́n yà o. Lọ́yà mi ò rí nǹkan kan." Mi ò tíì gba ìyìn tó dùn mí tó bẹ́ẹ̀ rí.

Kì í ṣe òun ni ọ̀tá. Mo ń sọ èyí torí pé nígbà tí ọ̀rọ̀ igbó bá délẹ̀, ẹni tó ní katapílà la máa ń bínú sí. Olórí ẹbí tó gba owó ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ní bàbá àwọn ò fi owó Jámánì kankan sílẹ̀. Ọ̀gá mi ti kú. Nínú gbogbo àwọn tó wà ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ tí mo di abẹ mú, èmi nìkan ni wọ́n ṣì lè rí mú.

Àdéhùn tí a ṣe rèé. Yóò kọ́lé sórí púlọ́ọ̀tì méjì apá òkè, níbi tí katapílà ti ba ilẹ̀ jẹ́ tẹ́lẹ̀, bí ọ́fíìsì bá tún un fọwọ́ sí. Mẹ́ta ìsàlẹ̀, pẹ̀lú odán àti etí odò, ó fi sílẹ̀. Àwa onílé ń dá owó mẹ́ta yẹn padà fún un díẹ̀díẹ̀. Èmi ń san jù wọ́n lọ lóṣooṣù. Mi ò ní kọ iye rẹ̀ síbí torí ìyàwó mi máa ń ka ohun tí mo bá kọ. Àwọn kan ò tíì san kọ́bọ̀. Ìyàwó pásítọ̀ ti san tirẹ̀ tán, ó sì ní tí òun bá tún rí ejò, òun á pa á.

Ohun tó lọ ti lọ. Ewé eéran tó kù ò lè tó mọ́ínmọ́ín ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, Ìyá eléwé ti ń lọ ra ewé lọ́jà Ìgbọ̀nà, ó ti fi owó kún ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Mi ò tíì rí awọ́nrínwọ́n náà láti ọjọ́ katapílà. Yẹpẹ̀ tí wọ́n fi kún òkè ti lé omi wá sọ́dọ̀ wa, tí òjò bá rọ̀ gan-an, ó ń dé ẹnu géètì mi. Kò wọlé rí tẹ́lẹ̀.

A gbin pèrègún àti akòko yí mẹ́ta ìsàlẹ̀ ká, bí àwọn bàbá wa ṣe ń sàmì ààlà. Ọmọ ọlọ́kadà yẹn ló gbẹ́ ihò tó pọ̀ jù. Akòko ti rú ewé. Ìwé ni kò tíì jáde. Èmi ni wọ́n ní kí n tún àwòrán náà yà, lórí kọ̀ǹpútà báyìí, níbi tí a ò nílò abẹ mọ́. Bọ́tìnnì kan ni, nǹkan á sì pòórá. Mo fi Yorùbá kọ ÀYÈ GBANGBA sí i. Akọ̀wé ní ọ̀gá òun ò ní gbà á, mo yí i padà sí Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́tà mẹ́sàn-án náà. Nísàlẹ̀, níbi tí ayàwòrán ti ń kọ orúkọ, mo kọ orúkọ mi ní kíkún. Ní 1998, lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ nìkan ni mo kọ. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ń lọ béèrè rẹ̀. Wọ́n ní ó ti dé orí tábìlì kẹta.

Láàárọ̀ yìí mo ka ilé ẹ̀gà mẹ́rìnlélógójì lórí odán. Ìyàwó mi dúró tì mí pẹ̀lú aṣọ tó fẹ́ sá lọ́wọ́, ó tún un kà. Ó ní mẹ́tàlélógójì ni, pé ọ̀kan yẹn, ọkọ ẹyẹ ti ń tú u.